Áńpù gìtá ṣọ́ọ̀ṣì wa ò tan mọ́, gbogbo fíúsì tá a bá fi sí i ló ń já

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, áńpù gìtá wa ni mo bá wá. Kọ́ńbò ni, áńpù àti spíkà nínú àpótí kan, tòkúnbọ̀, ọmọ ìjọ wa kan ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, 120V ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀, step-down tó ń sọ iná 230V di 120V la fi ń lò ó látọjọ́ yìí, kò sì yọ wá lẹ́nu rí. Àfi lọ́jọ́ Jímọ̀ tá a fẹ́ ṣe rìhásà, a tẹ̀ ẹ́, kò tan, iná pupa iwájú ẹ̀ ò yọjú, kò tiẹ̀ kùn hùn. A ṣí ojú fíúsì ẹ̀, ó ti dúdú kirikiri. A fi òmíì sí i, bá a ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, páà! Ọ̀gá tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa wò ó láti òkèèrè, ó ní tránsífọ́mà ló jó, owó tó sì pè kì í ṣe kékeré. Ọmọ tó ń bá wa wo sáǹdì ní ká wá pépà sílífà inú páálí sìgá ká fi wé fíúsì yẹn, ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ń ṣe é níbi tóun ti wá. Ìsọjí wa ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí la fẹ́ ṣe?

* * *

Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára fíúsì yẹn ná, ọ̀gá akọrin. Fíúsì tó bá já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè jẹ́ pé ó ti gbó, wọ́n máa ń gbó lóòótọ́, torí iná tó máa ń rọ́ wọlé nígbà tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ áńpù pọ̀ ju èyí tí áńpù ń jẹ lẹ́yìn náà lọ, díẹ̀díẹ̀ ló ń fi ìyà jẹ wáyà tín-ín-rín inú ẹ̀ títí tó fi máa já lọ́jọ́ kan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀ tí èkejì tún já lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti fíúsì, nǹkan kan nínú áńpù yẹn ti ṣọ́ọ̀tì, ẹ̀kẹta máa já, ẹ̀kẹrin náà máa já, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì dán an wò lẹ tún ń fi iná lu ohun tó kù tí ò tíì bà jẹ́.

Ní ti ọ̀gá tó ní tránsífọ́mà ló jó, mi ò bú u o, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ò tíì tú síkúrúù kan, tí ò gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná lé nǹkan kan, tó ti mọ ohun tó jó tó sì ti ń pe owó, ó jọ babaláwo tí ò tíì dáfá tó ti ń ka iye ewúrẹ́ tẹ́ ẹ máa mú wá. Tránsífọ́mà ló wúwo jù nínú áńpù, òun náà ló sì máa ń wọ́n jù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Èyí témi fojú ara mi rí ni pé nínú àwọn áńpù tí wọ́n ní tránsífọ́mà wọn ti kú, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ dáyóòdù, ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, tí owó ẹ̀ ò tó ra búrẹ́dì, ló ṣọ́ọ̀tì.

Ìbéèrè kan péré ni mo ní kí n tó sọ̀rọ̀ síwájú, ẹ sì dáhùn ẹ̀ bó ṣe rí gan-an, ẹ má bo ẹnikẹ́ni láṣìírí: ta ló so áńpù yẹn mọ́ná gbẹ̀yìn kó tó kú, ibo ló sì so ó mọ́?

* * *

Kí ọ̀gá akọrin tó dé, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tó ti ń gbà á nímọ̀ràn lóhùn. Ẹnì kan ní kó yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì wò, ẹlòmíì ní wáyà ni, ẹlòmíì ní súwíìṣì ti gbó. Gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ fún àìsàn mìíì ni. "Kò tan" tí gbogbo wa ń sọ yìí, ọ̀nà méjì ló pín sí. Èyí tó ń já fíúsì wà, èyí tí fíúsì ẹ̀ wà láàyè tó kàn dákẹ́ náà wà. Téèyàn bá pa méjèèjì pọ̀, á kàn máa tú nǹkan kiri ni.

Èyí tó kàn dákẹ́ yẹn, láti ara ògiri lèèyàn á ti máa bọ̀. Ẹ fi ṣájà fóònù tàbí fáànù dán sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wò, kẹ́ ẹ sì dán ojú tí áńpù ń lò gan-an wò, kó má jẹ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí àwọn ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n abẹ́ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ojú mẹ́rin ni wọ́n ní, méjì ti jó tipẹ́, kò sẹ́ni tó ń sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, pulọ́ọ̀gì onígun mẹ́rin tá à ń lò nílé, fíúsì wà nínú òun náà, 13A tàbí 3A, ó wà láàárín ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀, wọ́n á ti gbé áńpù lọ sọ́dọ̀ atúnṣe kí wọ́n tó mọ̀ pé pulọ́ọ̀gì ni. Ẹ gba wáyà kọ̀ǹpútà ẹnì kan, ẹ fi dán an wò, ojú kan náà ni. Lẹ́yìn náà ẹ wo ibi tí wáyà ti ń wọ ẹ̀yìn áńpù, dúrọ́ọ̀ pẹ́ńpẹ́ kan sábà máa ń wà lábẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ ni fíúsì wà, nígbà míì wọ́n tiẹ̀ máa ń fi àpọ̀jù kan pa mọ́ síbẹ̀. Ẹ má fojú wo fíúsì o, èyí tó funfun gan-an lè ti já, mítà ni kẹ́ ẹ fi wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní áńpù onítúùbù, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ nínú òkùnkùn. Tí túùbù bá ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, áńpù yẹn tan, gílóòbù iwájú lásán ló kú. Tó bá pọ́n tí ò sì dún, ẹ ṣàyẹ̀wò standby, súwíìṣì tó ń mú áńpù dákẹ́ láìpa á, kẹ́ ẹ tó pariwo, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ó ní fíúsì kejì tí wọ́n kọ HT (fótéèjì gíga) sí lára, ìyẹn lè já kí iná iwájú ṣì máa tàn.

* * *

Ọ̀gá akọrin ti dáhùn, ẹ gbọ́ o. Ó ní òun wádìí, ó wá hàn pé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ lo kíbọ́ọ̀dù kan tóun náà jẹ́ 120V, wọ́n bá yọ step-down kúrò lára áńpù. Nígbà tí ẹnì kan wá fẹ́ lo gìtá, kò rí wáyà áńpù, ó fa wáyà kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yọ, ó kì í bọ ẹ̀yìn áńpù, ó sì so ó mọ́ ògiri tààrà. Ó ní "ó kàn dún bàǹ lẹ́ẹ̀kan ni, a rò pé spíkà ni."

Ó parí. Áńpù 120V ló jẹ iná 230V. A ti mọ ohun tó pa á, ó ku ibi tó ti gbà á.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Tránsífọ́mà ò mọ̀ pé iná ti pọ̀, ohun tẹ́ ẹ bá fún un ló ń bù jáde níwọ̀n tí wọ́n wé e sí. Tó bá yẹ kó gbé 40V jáde fún áńpù, á gbé nǹkan bíi 77V jáde. Kàpásítọ̀ tí wọ́n fi síbẹ̀ láti máa tọ́jú iná pamọ́, 50V tàbí 63V ni wọ́n kọ sí i lára, kò lè gbà á. Agbára òòfà inú irin àárín tránsífọ́mà náà á kún àkúnya, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná lọ́nà tí ò yẹ, ibẹ̀ ni fíúsì ti máa já. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé fíúsì tó bá péye máa ń yára já débi pé tránsífọ́mà ò ní í mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ fún yín nìyẹn pé ẹ má tíì sin tránsífọ́mà yẹn.

Nǹkan míì tún wà tí ọ̀pọ̀ atúnṣe máa ń fò. Nínú àwọn áńpù kan, wọ́n máa ń fi ohun pẹlẹbẹ róbótó kan sí ojú ibi tí iná ti ń wọlé, ó tó kọ́ìnì kékeré, àwọ̀ búlúù ló sábà máa ń ní, ẹsẹ̀ méjì, MOV ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé tí fótéèjì bá ti kọjá iye tí wọ́n kọ sí i, á gba iná yẹn sára kí fíúsì lè já. Tó bá gbà á jù, á ṣọ́ọ̀tì pátápátá. Látìgbà yẹn lọ, áńpù yẹn lè ṣì dáa látòkè délẹ̀ kó sì máa já fíúsì lọ bẹ́ẹ̀. Kí atúnṣe wò ó, tó bá ti là tàbí tó ti dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti rí ọ̀kan nìyẹn.

* * *

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ pépà sílífà yìí, torí mo rí i pé ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀.

Àwọn kan ní àwọn ti ń lò ó látìgbà tí wọ́n ti dáyé, kò sì ṣe áńpù wọn ní nǹkan kan. Mo gbà. Kò ní í ṣe é ní nǹkan kan títí dọjọ́ tí fíúsì bá yẹ kó já tí kò lè já. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tó máa já dípò ẹ̀ ni wáyà inú tránsífọ́mà, tàbí kí gbogbo ẹ̀ máa rú èéfín lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pẹpẹ. Tí ọmọ yẹn bá ti wé pépà yẹn lọ́jọ́ Jímọ̀ kẹ́ ẹ tó wá béèrè ni, à bá má máa sọ̀rọ̀ dáyóòdù mọ́, tránsífọ́mà ni à bá máa wá kiri.

Ẹlòmíì ní òun ò lo pépà, òun kàn máa ń ra èyí tó nípọn jù. Òun náà kan náà nìyẹn, bàbá. Wọ́n kọ 2A, ẹ fi 10A sí i, ẹ ti yọ fíúsì kúrò nìyẹn.

Kẹ́ ẹ sì máa wo lẹ́tà tó wà níwájú nọ́ńbà yẹn. T ni èyí tó máa ń fara dà á díẹ̀ kó tó já, F ni èyí tó ń yára já. Áńpù tó ní tránsífọ́mà ńlá, T ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i torí iná àkọ́kọ́ tó ń rọ́ wọlé yẹn. Tẹ́ ẹ bá fi F sí i, á máa já nígbà tí ò sí nǹkan kan tó ṣe áńpù, ẹ̀yin á sì máa bínú sí atúnṣe. Ìwọ̀n náà tún wà: èyí tó gùn ní 20mm ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ọ̀pọ̀ áńpù Amẹ́ríkà ń lo èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó tó ínǹṣì kan àti ìdámẹ́rin. Mo ti rí ẹni tó fi sódà lẹ kékeré mọ́ ibi tó yẹ kí ńlá wà.

Ẹnì kan tún béèrè pé kí ló dé tí wọ́n kọ 4A fún 120V àti 2A fún 230V sẹ́yìn áńpù kan náà. Ìṣirò lásán ni. Agbára tí áńpù ń jẹ ò yí padà, tí fótéèjì bá di ìlọ́po méjì, iná tó ń ṣàn gba inú wáyà á di ìdajì. Torí náà tẹ́ ẹ bá yí áńpù padà sí 230V, ẹ gbọ́dọ̀ yí fíúsì ẹ̀ padà.

* * *

Ọ̀gá akọrin ní òun ní mítà kékeré kan, kí lòun lè fi ṣe kóun tó gbé e lọ fún atúnṣe. Ìbéèrè gidi nìyẹn.

Ẹ yọ wáyà áńpù kúrò lára iná. Ẹ fi fíúsì tó dáa sínú ẹ̀, ẹ tẹ súwíìṣì ẹ̀ sí ON, àmọ́ ẹ má so ó mọ́ná o. Ẹ gbé mítà sí ohm, ẹ fi ẹsẹ̀ mítà méjèèjì kan ẹsẹ̀ pulọ́ọ̀gì méjì tí iná ń gbà, kẹ́ ẹ fi tí earth sílẹ̀. Tó bá kọ OL, pé kò sí ọ̀nà, á jẹ́ pé súwíìṣì ni, tàbí wáyà, tàbí kí wáyà inú tránsífọ́mà ti já, tàbí tẹ́mà fíúsì, èyí tó ń já tí ooru bá pọ̀ jù, tí wọ́n wé mọ́ inú ẹ̀. Tó bá kọ ohm díẹ̀, méjì, mẹ́rin, mẹ́fà, ojú àkọ́kọ́ tránsífọ́mà, ibi tí iná ògiri ń gbà wọlé, ṣì wà láàyè nìyẹn, ẹ dúpẹ́. Tó bá jẹ́ òdo gbáko, ó ti ṣọ́ọ̀tì, ó lè jẹ́ MOV, ó sì lè jẹ́ tránsífọ́mà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sí earth, ẹ fi èkejì kan ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì tó kù. Kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan. Tó bá kọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so áńpù yẹn mọ́ná mọ́, torí okùn gìtá yín, ara irin áńpù yẹn ló so mọ́.

Áńpù tuntun tó fúyẹ́ bíi bébà, tí ò ní tránsífọ́mà ńlá nínú, ìdánwò yìí ò bá a mu o.

Níbẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ dúró. Ẹ má ṣí i. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní "a ti yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ló tún kù ńbẹ̀?" Kàpásítọ̀ ló kù ńbẹ̀. Nínú áńpù onítúùbù, 400V sí 500V lè ṣì jókòó sínú ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ wáyà, kò sì ní í kọ ọ́ síwájú orí. Àwọn áńpù fífúyẹ́ yẹn náà, iná ògiri ni wọ́n ń sọ di DC tààrà, tí 230V bá wọlé, nǹkan bíi 325V ló ń dúró sínú kàpásítọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ fi mítà wọn ohun tó kù, á fi rẹsísítọ̀ tó nípọn, ohun tó ń dín ìṣàn iná kù, fa á tán díẹ̀díẹ̀, á tún wọ̀n ọ́n kó tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń fi síkúrúdíráfà ṣọ́ọ̀tì ẹ̀ kó lè ta páà, kó sì máa rẹ́rìn-ín, ẹ má gbé áńpù yín fún un.

* * *

Ẹnì kan ń sọ pé àwọn àgbà máa ń so gílóòbù mọ́ ọn kí wọ́n tó tan áńpù tí wọ́n tún ṣe, ó ní àtijọ́ nìyẹn, kò wúlò mọ́. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Kò sóhun tó dùn ún fi mọ bí áńpù ṣe wà tó gílóòbù yẹn, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: gílóòbù oníná pupa àtijọ́, 60W tàbí 100W, wọ́n á gé ọ̀kan nínú wáyà iná tó ń lọ sí áńpù, wọ́n á fi gílóòbù yẹn sáàárín kí iná gba inú ẹ̀ kọjá. Tí áńpù bá ṣọ́ọ̀tì, gílóòbù á tàn yòò, á sì dúró bẹ́ẹ̀, fíúsì ò ní í já, nǹkan kan ò ní í jó. Tí áńpù bá dáa, á tàn fìrì, á wá rọlẹ̀ di pupa ṣúlẹ́ṣúlẹ́. LED tàbí energy saver ò lè ṣe é o, wọn ò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta iná lè sọ pé kò sí mọ́, ẹ lọ bi àwọn tó ń sin òròmọdìyẹ, òun ni wọ́n fi ń mú wọn móoru. Fún áńpù 120V bíi ti ọ̀gá akọrin yìí, gílóòbù á wà ṣáájú step-down, níbi tí iná ti jẹ́ 230V. Ẹ kọ́kọ́ tan step-down nìkan láìso áńpù mọ́ ọn, kẹ́ ẹ lè mọ bí gílóòbù ṣe ń tàn fún òun nìkan.

Atúnṣe tó mọ ohun tó ń ṣe á fi gílóòbù yìí pín áńpù sí méjì. Á tú wáyà tó jáde látinú tránsífọ́mà lọ sí bọ́ọ̀dù. Tí gílóòbù bá ṣì tàn yòò, ẹjọ́ wà lọ́dọ̀ tránsífọ́mà tàbí MOV. Tó bá rọlẹ̀, tránsífọ́mà ti jàre, kí wọ́n lọ máa wá dáyóòdù, kàpásítọ̀ àti tránsístọ̀ ńlá tó ń gbé ohùn jáde. Dáyóòdù tó dáa, mítà á kọ nǹkan bíi 0.5 tàbí 0.6 tẹ́ ẹ bá gbé e sí ọ̀nà kan, á sì kọ OL tẹ́ ẹ bá yí i padà. Èyí tó bá ń ké fíì lọ́nà méjèèjì ti kú.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti ń kúrò lórí áńpù, ó ti di ti iná. Ó kúkú kàn án.

Ẹni tó ní "sìtébúláísà ni kí wọ́n rà, gbogbo ìyọnu á tán," ó sọ ìdajì òótọ́. Sìtébúláísà tá à ń rà, èyí tó ń dún kà-kà-kà nínú, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó yí, kí ó tó yí, ohun tó fẹ́ bà jẹ́ ti bà jẹ́. Ó dáa fún iná tó lọ sílẹ̀, ìyẹn ò sì burú. Àmọ́ ohun tó ń pa áńpù lọ́dọ̀ wa jù, témi bá máa sọ ọ́, ni nútíràlì tó já lórí òpó. 230V ló yẹ kó wà láàárín fésì kan àti nútíràlì, àmọ́ 400V ló wà láàárín fésì méjì. Tí nútíràlì bá já, ilé tó ń lo nǹkan púpọ̀ á rí i pé iná òun ti rẹlẹ̀, ilé tí ò tan nǹkan kan àfi áńpù kan àti gílóòbù méjì á gba èyí tó pọ̀ jù. Ẹ ṣáà máa wò ó, tí iná yàrá kan bá ń ṣe bàìbàì tí ti yàrá kejì ń funfun gbòò, ẹ sáré lọ gbé méènì bọ́ sílẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tá à ń pè ní I-pass-my-neighbour náà ní tiẹ̀. Kò ní AVR, ohun tó ń mú kí fótéèjì dúró sójú kan, bí ẹ̀ńjìnnì bá ṣe ń sáré ni fótéèjì ń gòkè, mẹkáníìkì á wá yí síkúrúù ẹ̀ kó lè "lágbára" síi, ẹ ò sì ní í mọ̀. Tí epo bá fẹ́ tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, á tún rọlẹ̀, á tún sáré, iná náà á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i pé ẹni tó ń tan jẹ́ń ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í bá àwọn tó ń lo ohun èlò sọ̀rọ̀, àdúrà á ń lọ lọ́wọ́, á fa chéńjóvà láti òkè wá sísàlẹ̀, gbogbo nǹkan á kú á tún jí. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n pa áńpù ná, kí wọ́n yí iná, kí wọ́n fi mítà wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó tan áńpù padà.

Ohun témi á rà dípò sìtébúláísà ni pulọ́ọ̀gì kékeré tí wọ́n fi ń ṣọ́ firíìjì, èyí tó máa ń gé iná tó bá ti pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, tí á sì dúró bí ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó dá a padà.

Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ earth kúrò kí áńpù má baà máa kùn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ irú ẹ̀ níta mọ́. Áńpù tí ò ní earth, tí nǹkan kan bá ṣọ́ọ̀tì mọ́ ara irin ẹ̀, ọwọ́ onígìtá ló máa wà lórí okùn, ètè ẹ̀ á sì wà lára máìkì. Tó bá jẹ́ kíkùn yẹn lẹ fẹ́ mú kúrò, ẹ lo DI box, àpótí kékeré tó ń gbé ohùn gìtá wọ mixer, èyí tó ní súwíìṣì ground lift, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn.

* * *

Fún ìsọjí, ọ̀gá akọrin, áńpù ò gbọdọ̀ dí yín lọ́wọ́. Ẹ so gìtá mọ́ pẹ́dà yín, kẹ́ ẹ gba inú DI box wọ mixer. Tí pẹ́dà yẹn bá ní ohùn spíkà nínú, tí wọ́n ń pè ní cab sim, ẹ tan án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa han bí ẹ̀fọn. Ọ̀pọ̀ onígìtá ni ò gbé áńpù jáde mọ́ rárá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Àwọn tó ní "ẹ tà á, ẹ ra tuntun," owó ta lẹ fẹ́ ná? Áńpù oní-tránsífọ́mà àtijọ́ tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀ ṣeé tú, tó ṣeé lẹ padà, mo máa tún un ṣe kí n tó ra tuntun oní-bọ́ọ̀dù kan tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ èyí fífúyẹ́ ni, tí bọ́ọ̀dù iná ẹ̀ jó, tí wọn ò sì ta bọ́ọ̀dù yẹn lọ́tọ̀, mo gbà fún yín, ẹ má fowó ṣòfò.

* * *

Ìròyìn ti dé. Ọ̀gá akọrin gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnṣe mìíì. Mítà kọ ohm díẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ MOV kúrò, tránsífọ́mà wà láàyè. MOV ti là sí méjì, dáyóòdù ti ṣọ́ọ̀tì, kàpásítọ̀ ńlá kan ti wú lórí. Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ wọn, ó wá ń béèrè ohun méjì: ṣé kí wọ́n fi MOV sílẹ̀ láìsí, torí atúnṣe ní kò pọndandan, àti pé ṣé àwọn lè sọ áńpù yẹn di 230V pátápátá kí step-down kúrò ńbẹ̀?

MOV, ẹ dá a padà. Áńpù á ṣiṣẹ́ láìsí i lóòótọ́, àmọ́ òun ló jẹ́ kí fíúsì tètè já lọ́jọ́sí. Kàpásítọ̀, ẹ pààrọ̀ méjèèjì tó jọ wà pọ̀, kó má jẹ́ èyí tó wú nìkan, torí ìyà kan náà ni wọ́n jọ jẹ.

Ti 230V, kí atúnṣe ka iye wáyà tó wọ ojú àkọ́kọ́ tránsífọ́mà kó tó dá yín lóhùn. Tó bá jẹ́ méjì péré, 120V ni wọ́n wé e sí, kò ṣeé yí padà àfi kí wọ́n wé òmíì, step-down lẹ máa bá lọ. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, wọ́n wé e lójú méjì, 120V lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kàn pa wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Tí wọ́n bá to wọ́n tẹ̀lé ara wọn, á di 240V. Kó ṣọ́ra kó má so orí mọ́ orí, kó sì fi gílóòbù dán an wò. Tó bá ti yí i, fíúsì á di ìdajì, MOV náà á di 275V, torí tó bá fi èyí tó jẹ́ 150V sílẹ̀ ńbẹ̀, bẹ́ ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ló máa fọ́.

Tẹ́ ẹ bá sì ń bá step-down lọ, ẹ mú máká dúdú, ẹ kọ 120V gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ojú tí wáyà ń wọ̀, kẹ́ ẹ fi okùn so wáyà ẹ̀ mọ́ ara áńpù, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àyè ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ lọ ra step-down tiwọn.